Ẹni Tí Ilé Ìwòsàn Yóò Kọ́kọ́ Pè

Ohun tí Jọlá kọ́kọ́ fẹ́ràn lára Mùstàfá ni pé kì í wọ aṣọ ọjà wá sílé wọn.

Ẹ̀wà ni Mùstàfá ń tà lápò lápò ní ọjà Bódìjà, òun àti Alájì Májẹ́kódùnmí, àbúrò bàbá rẹ̀ tó mú un wá láti Ṣakí tó sì tọ́ ọ dàgbà. Ẹni tó bá mọ ìsọ̀ ẹlẹ́wà mọ̀ pé eruku ni wọ́n ń mí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti da àpò kan sílẹ̀ báyìí, eruku funfun á dìde, á bà lé irun, á bà lé ìpéǹpéjú, á sì wọ inú aṣọ lọ. Inú eruku yẹn ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Jọlá mú Ṣemílóore, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà, dání lọ ra ẹ̀wà olóyin. Wọn ò tíì dúnàádúrà tán tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí àyà rẹ̀ ń dún fée, fée, bí ẹni pé ẹnìkan ń fọn fèrè tó dí. Mùstàfá kò dúró béèrè pé kí ló ṣe é. Ó ní kí àwọn tó ń da ẹ̀wà dáwọ́ dúró, ó gbé ọmọ náà jáde lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí atẹ́gùn wà, Jọlá sì fa ìnhélà yọ nínú báàgì. Nígbà tí àyà ọmọ balẹ̀, ọkùnrin náà sún sẹ́yìn díẹ̀, ó wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá wa. Èmi gan-an ni mo gbé eruku sún mọ́ ọn."

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ló wá sí Agbowó, níbi tí Jọlá ti ń rán aṣọ ilé-ìwé nínú yàrá iwájú ilé tó háyà. Ó gbé ẹ̀wà dání, ó ti fẹ́ ẹ, ó ti ṣà á, kò sí eruku lára rẹ̀ mọ́. Jalabíà funfun ló wọ̀, òórùn ọṣẹ sì ń jáde lára rẹ̀. Jọlá rò pé mọ́ṣáláṣí ló ti ń bọ̀. Ó pẹ́ kó tó gbọ́ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn alábàárù pé ẹ̀yìn ìsọ̀ ni jalabíà yẹn máa ń wà, nínú ọ̀rá, pé ilé wọn nìkan ló ń wọ̀ ọ́ lọ, àti pé ibi ẹ̀rọ omi ni ọkùnrin náà ti máa ń wẹ̀ kó tó gun ọ̀kadà. Òun fúnra rẹ̀ kò fi ẹnu sọ ọ́ rí. Ìyẹn ló wọ Jọlá lára jù.

Ṣemílóore ń pè é ní Bọ̀dá Ẹlẹ́wà. Jọlá kì í pè é ní ohunkóhun. Bí ó bá ti wọlé, á tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á máa rán ibi tó ti rán tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ìgbéyàwó Jọlá àti Gbádérọ̀, bàbá Ṣemílóore, ti tú ká ní kóòtù ìbílẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Kò sí lílù níbẹ̀, kò sí èébú; ilé kàn tutù mọ́ wọn lọ́wọ́ títí tí wọ́n fi ń kí ara wọn bí ará àdúgbò ni. Kóòtù ní kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá, kí bàbá máa gbọ́ bùkátà ilé-ìwé àti ìwòsàn. Gbádérọ̀ kò sì yẹ̀ ẹ́. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Ring Road ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ́fíìsì wọn sì fi àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ sábẹ́ ètò ìdójútòfò ìlera, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìnṣọ́ránsì. Káàdì kékeré kan ni. Káàdì yẹn ni Jọlá ń nà sókè bó bá ti dé ilé ìwòsàn ọmọdé kan ní Jericho, tí wọ́n á gba ọmọ wọlé, tí wọ́n á fún un ní oògùn àyà ti oṣù, tí dókítà tó mọ orúkọ rẹ̀ á sì bi í léèrè bó ṣe sùn. Owó aṣọ ilé-ìwé tí Jọlá ń rán kò lè ṣe é láé. Ẹni tó bá ti jókòó ti ọmọ oníkọ́ fée rí, tó ń ka èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde, ni yóò mọ ohun tí káàdì yẹn jẹ́ nínú ilé náà.

Nítorí náà, nígbà tí Mùstàfá wá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, tó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹyin, inú Jọlá dùn, ẹ̀rù sì bà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kó jẹ́ kí òun bi Màámi.

Ìyá Jọlá ń gbé ní Challenge. Onítẹ̀bọmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, àmọ́ wọn ò sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí rárá, nítorí Àlájà ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: ta ni yóò máa tọ́jú àyà ọmọ?

"Màámi, káàdì rẹ̀ wà."

"Káàdì ta ni?"

Jọlá tẹjú mọ́lẹ̀.

"Káàdì Gbádérọ̀ ni," ìyá rẹ̀ dáhùn fún un. "Ṣé o rò pé ọkùnrin á rí ìyàwó rẹ̀ àná nílé ọkùnrin mìíràn, á tún máa ṣe é bó ṣe ń ṣe é? Lọ́jọ́ tó bá gbọ́ pé o ti lọ́kọ, orúkọ ọmọ yẹn ló máa kọ́kọ́ yọ. Ẹ̀wà sì ni ọkọ rẹ tuntun ń tà, kì í ṣe oògùn."

Wọn ò sọ pé kó má fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kó lọ rò ó. Bí Jọlá ṣe ń bọ̀ nínú takisí máíkírà lọ́jọ́ náà, ó ń rò ó, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun ń rò ó. Ìyá wo ló ń fi èémí ọmọ wé ìfẹ́ ọkùnrin? Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe kọjá lẹ́bàá ọjà Bódìjà, ọrùn rẹ̀ yí padà fúnra rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń jẹ Alájì Májẹ́kódùnmí lọ́kàn. Nígbà tí Jọlá lọ kí wọn ní ìsọ̀, ó kúnlẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n ní kí wọ́n fún un ní àga, wọ́n béèrè ọmọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí Mùstàfá bí ẹni pé Jọlá ti lọ.

"Mùstàfá, ilé tí o fẹ́ kó obìnrin yìí sí, ta ni baálé ibẹ̀?"

Mùstàfá ní kí wọ́n má bínú, pé ọ̀rọ̀ náà kò yé òun.

"Á yé ọ. Ẹni tó ń wo ọmọ sàn ló ni ọ̀nà sọ́dọ̀ ìyá ọmọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá wúkọ́, fóònù ọkọ àárọ̀ ni ìyàwó rẹ máa kọ́kọ́ pè. Òun á gbé mọ́tò dé. Ìwọ ńkọ́? Wàá jókòó sórí àpò, wàá máa ṣa ẹ̀wà."

Àwọn alábàárù rẹ́rìn-ín. Alájì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n kàn fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ wọn pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n Jọlá rí i bí Mùstàfá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku kúrò lápá aṣọ rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn kò tán nílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Jọlá ní ẹnìkan tó lè bá a wọ ilé Gbádérọ̀: Àǹtí Moróunkẹ́, ẹ̀gbọ́n Gbádérọ̀ obìnrin. Kóòtù tú Jọlá àti ọkọ rẹ̀ ká, kò tú òun àti Àǹtí Moróunkẹ́ ká. Títí dòní, "ìyàwó mi" ni wọ́n ṣì ń pè é. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà tán, wọ́n ní ohun tí à ń bẹ̀rù, iwájú rẹ̀ là ń lọ, àwọn á jókòó tì í nígbà tó bá ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Jọlá ṣe jókòó ní pálọ̀ ilé Gbádérọ̀ ní Ring Road, níbi tó ti ń gbálẹ̀ nígbà kan, tó fi ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan, tó sọ fún Gbádérọ̀ pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Ó ní òun kò wá gba àṣẹ lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ káàdì ọmọ ni òun bá wá.

Gbádérọ̀ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo fèrèsé.

"Mi ò fi àyà ọmọ mi bá ẹnikẹ́ni jà," ó sọ níkẹyìn. "Káàdì kò kúrò níbi tó wà. Ohun kan ni mo fẹ́, Jọlá. Ọmọ mi kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Kó gbé ibi tó bá wù ọ́, kó má jẹ́ orúkọ wọn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Dádì Ṣemí. Mo ṣèlérí."

Ó jáde níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìlérí náà ti bàjẹ́ kó tó ṣe é.

Ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́wà ọjà Bódìjà ti wọ inú ètò ìnṣọ́ránsì kan, kí ọlọ́jà lè kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọjọ́ tí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, Mùstàfá lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ Ṣemílóore wà lórí fóònù rẹ̀, nítorí òun ló bá Jọlá tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà tí ilé-ìwé béèrè fún un. Ó kọ ọ́ báyìí: Ṣemílóore Májẹ́kódùnmí, ọmọ mi. Ó fẹ́ fi káàdì náà lé Jọlá lọ́wọ́ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kí Alájì rí i, kí ẹ̀rín tán. Ó rò pé káàdì méjì sàn ju ẹyọ kan lọ, bí ẹni tó ní agboòrùn méjì. Kò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan náà ni ọ́fíìsì Gbádérọ̀ ń lò. Kò mọ̀ pé nọ́ńbà kan kò lè wà níbi méjì, pé ibi tí wọ́n bá kọ ọmọ sí gbẹ̀yìn ni kọ̀ǹpútà wọn yóò dì mú.

Ọyẹ́ ọdún náà wá le. Ètè àwọn ọmọdé ń là, gbogbo Agbowó funfun bí ẹni pé wọ́n da èérú sí i. Ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni ilé-ìwé pe Jọlá pé kó máa bọ̀. Kó tó débẹ̀, ìnhélà ti kọ iṣẹ́. Ó gbé ọmọ sí ẹ̀yìn máíkírà, ó ní kí dírẹ́bà má dúró gbé èrò kankan, kó máa lọ sí Jericho. Gbogbo ọ̀nà ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa àyà ọmọ, tó ń sọ fún un pé kó máa mí, kó rọra máa mí. Inú ọkọ̀ yẹn náà ló ti fi fóònù rán ọ̀rọ̀ sí Mùstàfá: Ṣemí ò lè mí, a ń lọ sí Jericho. Jọlá fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí tó fi jẹ́ Mùstàfá ló kọ́kọ́ rán an sí.

Nọ́ọ̀sì tó rí ọmọ kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó gbé e wọlé, ó gbé ẹ̀rọ tó ń tú oògùn bí ìkùukùu bò ó ní imú. Ìdí kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ ti dé. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ gba káàdì, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀.

"Ìyá Ṣemílóore, kò sí lábẹ́ wa mọ́. Wọ́n ti gbé e lọ sí kílíníìkì kan ní Agbowó."

"Ta ló gbé e lọ?"

Obìnrin náà ní òun kò mọ̀. Ó ní wọ́n á tọ́jú ọmọ, wọn ò ní lé e, ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní kó sùn síbẹ̀, ẹnìkan ní láti dúró fún owó rẹ̀.

Ohùn ìyá rẹ̀ ló dún létí Jọlá: orúkọ ọmọ yẹn ló máa kọ́kọ́ yọ. Orí rẹ̀ gbóná. Jọlá tí kì í gbé ohùn sókè pe Gbádérọ̀, ó pariwo mọ́ ọn. Ó ní Gbádérọ̀ ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, ó jókòó sí pálọ̀ ó ń fẹnu ṣèlérí, ó sì lọ yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ìwòsàn nígbà ọyẹ́. Gbádérọ̀ béèrè ibi tí wọ́n wà, ó gbé mọ́tò.

Ó dé, ó kọ́kọ́ wọlé lọ wo ọmọ, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní kí obìnrin ìdí kọ̀ǹpútà yí ojú ẹ̀rọ náà sí òun. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́.

"Jọlá, wá ka eléyìí."

Ó kà á. Ṣemílóore Májẹ́kódùnmí ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Ta ni Májẹ́kódùnmí?" Gbádérọ̀ béèrè, ohùn rẹ̀ sì tutù ju bó ṣe yẹ lọ. "Ìgbà tí o wá jókòó síwájú mi, tí o ń ṣe ìlérí, o ti fún wọn lọ́mọ mi nìyẹn."

Jọlá búra pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní òun kọ́, òun kọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń rántí ọjọ́ tí Mùstàfá bá òun tẹ nọ́ńbà yẹn jáde, ó sì mọ ẹni tó ṣe é. Gbádérọ̀ fi ọwọ́ sí ìwé pé òun yóò san ohunkóhun tó bá jẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí Jọlá ti ń bẹ̀rù láti ọdún méjì.

"Bí ara rẹ̀ bá ti yá, ní Sátidé kejì, gbé e wá sí Ring Road pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ọmọ tí ẹlòmíràn bá fẹ́ sọ lórúkọ, mi ò lè fi í sílẹ̀ sí ẹ̀yìn odi."

Ìgbà náà ni Jọlá gbójú sókè tó rí Mùstàfá. Ìta ilẹ̀kùn onígíláàsì ló dúró sí. Ọjà ló ti sáré wá, eruku ẹ̀wà bò ó láti orí dé bàtà. Kò wọlé. Ó fi ọwọ́ mú ara rẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú, ó ń wo inú.

Jọlá jáde lọ bá a. Kò pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni. Mo rò pé..."

"Ẹ fẹ́ di bàbá kí ẹ tó di ọkọ. Ẹ̀rín àwọn alábàárù ni mò ń sanwó rẹ̀ níbí yìí. Ẹ máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí."

Ó padà wọlé. Kò bojú wẹ̀yìn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ lọ sí wọ́ọ̀dù òkè tó sì gba ojú fèrèsé kọjá, ó rí i pé ọkùnrin náà ṣì wà níbi tó fi í sí.

Ọmọ sàn. Wọ́n padà sí Agbowó. Mùstàfá pa òfin mọ́, kò pè é. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń pa Jọlá, torí ó ti rò pé á pe òun lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, kí òun lè má gbé e. Bó bá gbọ́ ọ̀kadà níwájú ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ń ká aṣọ Ṣemílóore sínú àpótí fún Sátidé, á ká a tán, á tún kó o jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ilé ìwòsàn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ọmọ ti padà sábẹ́ àwọn, lórúkọ bàbá rẹ̀. Ẹnìkan ti lọ jókòó sí ọ́fíìsì àwọn onínṣọ́ránsì ní Dùgbẹ̀ títí tí wọ́n fi tún un ṣe. Wọn ò dárúkọ ẹni náà, kò sì pọn dandan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Àǹtí Moróunkẹ́ wá. Wọ́n rí àpótí, wọ́n jókòó tì í.

"Ìyàwó mi, má fi bò fún mi. Ṣé o fẹ́ ọkùnrin yìí?"

Omi bọ́ lójú Jọlá. "Mo fẹ́ ẹ, Àǹtí mi. Àyà ọmọ mi ló ń bà mí lẹ́rù."

"Ó wá sọ́dọ̀ mi lánàá. Ó fẹ́ kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Mo ní ìwọ kọ́ ló ṣẹ̀. Orúkọ bàbá ọmọ ló fọwọ́ kàn, ilé bàbá ọmọ ni kó gbà, kó sì mú àgbà tó fi í rẹ́rìn-ín dání." Wọ́n dìde, wọ́n tún gèlè wọn wé. "Bí ó bá wá lọ́la, ká mọ̀. Bí kò bá wá náà, ká mọ̀."

Sátidé, Jọlá mú ọmọ dé Ring Road, ó bá Àǹtí Moróunkẹ́ níbẹ̀. Gbádérọ̀ gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀ láìwò ó lójú. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn. Alájì Májẹ́kódùnmí ló wọlé, Mùstàfá tẹ̀lé wọn nínú jalabíà funfun. Mùstàfá dàgbà ju Gbádérọ̀ lọ. Irun funfun ti wà ní ẹ̀bátí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì, níwájú àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ orí.

Alájì na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé e dìde, wọ́n sì fa ọwọ́ padà.

"Mo mú ohun tí kì í ṣe tèmi," Mùstàfá sọ nílẹ̀ níbẹ̀. "Mo ti dá a padà. Ẹ má torí mi gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kí n má fẹ́ Jọlá mọ́ lẹ fẹ́, ẹ sọ ọ́, màá gbọ́."

Gbádérọ̀ kò ní kó dìde. Ó ní ohun kan wà tí òun fẹ́ bi í.

"Lọ́jọ́ yẹn ní Jericho, kí ló dé tí o ò wọlé? Mo wò ọ́ láti ojú fèrèsé. Ọyẹ́ ń fẹ́, àwọn ènìyàn ń gbà ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá. Mo ní ojú ló ń tì ọ́."

"Ojú tì mí o. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́. Aṣọ ọjà ló wà lọ́rùn mi. Bí mo bá wọlé, màá gbé eruku bá a."

Àsìkò yẹn ni Ṣemílóore, tó ti ń wo Alájì láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, bi wọ́n léèrè.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ti pààrọ̀ aṣọ?"

Alájì wo agbádá ara wọn. Ìsọ̀ ni wọ́n gbà kọjá láàárọ̀, eruku funfun ṣì wà létí apá rẹ̀. Wọ́n gbé àga wọn fúnra wọn, wọ́n lọ gbé e sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó síbẹ̀ nínú atẹ́gùn.

"Dìde," Gbádérọ̀ sọ fún Mùstàfá. "Káàdì kò kúrò lọ́wọ́ mi, orúkọ kò kúrò lára ọmọ. Kó padà sílé ìyá rẹ̀."

Láti ẹnu ọ̀nà, Alájì wúkọ́. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kí àwọn sọ tiwọn. Pé ilé tí ọwọ́ ọkùnrin méjì bá wà nínú rẹ̀...

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́," Mùstàfá dá wọn lẹ́kun, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. "Ilé tí ọmọ ti ń mí dáadáa ni mo fẹ́. Ẹni tó bá ń sanwó rẹ̀, Ọlọ́run á bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Àǹtí Moróunkẹ́ ní kí wọ́n bu omi wá fún àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ pé ìjà ti parí. Kí wọ́n tó dìde, Gbádérọ̀ fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó ní Ring Road jìnnà sí Agbowó, pé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú òun lójú ọ̀nà, òun sì ń fi ọwọ́ lu sítíárì mọ́tò. Ó ní ilé ìwòsàn máa ń béèrè ẹni tí wọ́n á kọ́kọ́ pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ. "Fún mi ní nọ́ńbà rẹ," ó sọ fún Mùstàfá, kò sì gbójú sókè nígbà tó ń kọ ọ́.

Níwájú géètì, Mùstàfá dúró jìnnà sí Jọlá. Kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọjọ́ Jericho.

"Ẹ má so jalabíà yẹn kọ́ ẹ̀yìn ìsọ̀ mọ́," Jọlá sọ fún un.

Ojú ọkùnrin náà ṣú. Ó ní ó yé òun.

"Kò yé yín. Inú ọ̀rá náà ni eruku ń gbà wọ̀ ọ́. Mo ti rán òmíràn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa ló máa wà."

Ó yára di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń lọ, nítorí ojú ń tì í.

Màámi gba Mùstàfá ní àna ní Challenge kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, Alájì sì fẹnu ara wọn tọrọ Jọlá. Ṣemílóore Gbádérọ̀ ló ṣì wà lára káàdì. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Jọlá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó gbọ́ tí fóònù ọkọ rẹ̀ dún lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń wẹ ọjà kúrò lára. Jericho ló ń pè, pé oògùn oṣù ti dé, kí wọ́n wá gbà á. Ẹni tó pè béèrè pé ṣé bàbá Ṣemílóore nìyí.

"Rárá o," Jọlá gbọ́ tó dáhùn. "Bàbá rẹ̀ wà ní Ring Road. Èmi lẹ máa ń kọ́kọ́ pè. Mò ń pààrọ̀ aṣọ lọ́wọ́, mò ń bọ̀."